Ṣé ó yẹ kí n kó àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ lọ wo àbàtà ní Lékkí?

Olùkọ́ Ẹ̀pẹ́:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí níhìn-ín ní Ẹ̀pẹ́. Kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́, ọmọ 28 ló sì wà lọ́wọ́ mi, tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 9 sí 11 lọ. Ní sáà tí ó kọjá, a ṣe ẹ̀kọ́ lórí ilẹ̀ olómi, ìyẹn àbàtà, irà, etí ọ̀sà àti gbogbo ibi tí omi àti ilẹ̀ ti jọ ń gbé, àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè tí ìwé ọwọ́ mi kò lè dáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbèrò láti kó wọn lọ sí ọgbà ìdáàbòbò ẹranko àti igbó tí ó wà ní Lékkí, èyí tí àwọn awakọ̀ mọ̀ sí Conservation, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí igbó inú omi tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú ọ̀gá wa. Wọn kò kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí ó ti ń jà lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní, “Olùkọ́, ọmọ tí a bí sí etí omi, tí bàbá rẹ̀ ń dẹ àwọ̀n, tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja, kí ni ẹ fẹ́ kí òbí rẹ̀ torí rẹ̀ san owó ọkọ̀ láti lọ wo àbàtà níbòmíràn? Àbí ti ẹ̀yìnkùlé wa kò ní omi nínú ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo dọ̀bálẹ̀ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, n kò rí èsì gidi fún wọn.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn tún wà tí mo fẹ́ mọ̀. Ìgbà wo nínú ọdún ló dára jù, nítorí ẹ̀rù òjò ń bà mí? Òòyì a máa kọ́ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí yóò bá mi lọ bí ó bá ti wà ní ibi gíga. Ṣé dandan ni kí ó gun afárá orí igi yẹn, èyí tí wọ́n ta sókè láàárín àwọn igi ọgbà náà? Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n ń sọ ńkọ́, ṣé wọn kì í ṣe ọmọdé ní jàǹbá? Kí ni kí àwọn ọmọ wọ̀, kí sì ni kí wọ́n mú dání? Ẹni tí ó bá ti lọ rí, pàápàá ẹni tí ó kó ọmọ lọ, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi bí ó ti rí gan-an.

Ìyá Ìbejì:

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kó ọmọ lọ síbẹ̀, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú àwọn ìbejì mi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé kéwú àdúgbò wa. Ti àkọ́kọ́ kò dára, àwa fúnra wa la sì bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí ẹ má baà tẹ̀ lé ipasẹ̀ wa.

Ọjọ́ ọdún la mú. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kí a tó kúrò ní Ẹ̀pẹ́, nítorí pé èmi tí mo ń dín àkàrà kò tètè parí, nígbà tí a ó sì fi bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àjá, oòrùn ti dé àtàrí. Ó jọ pé gbogbo Èkó ló ti ṣáájú wa débẹ̀, afárá orí igi sì ni gbogbo wọn bá wá. Àwa náà tò sí ìlà bí ẹni tí ó fẹ́ ra epo bẹntiróòlù lásìkò ọ̀wọ́n. Nígbà tí a fi gun afárá náà tán, omi ti tán nínú ọ̀rá, ó ti rẹ àwọn ọmọ, ohun tí a sì rí lókè lọ́hùn-ún kò ju ẹ̀yìn aṣọ ẹni tí ó wà níwájú wa lọ. Ariwo wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò gbọ́ kí ẹyẹ kan ṣoṣo dún.

Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ la jókòó láti jẹun. Mo gbé ike àkàrà sílẹ̀, mo fi ọ̀rá dúdú bò ó, mo sì kọ ẹ̀yìn láti fún ọmọ kan lómi. Ọ̀bọ kan wá láti orí ẹ̀ka tí kò ga ju orí mi lọ. Kò pariwo, kò tilẹ̀ yára. Ó na ọwọ́ dúdú kékeré kan, tí èékánná rẹ̀ mọ́ bíi ti ọmọ tuntun, ó ká etí ọ̀rá náà sẹ́yìn, ó mú àkàrà méjì, ó fi ọ̀kan sẹ́nu, ó di ọ̀kan mú, ó tún wojú mi dáadáa kí ó tó padà sókè. Kẹ́hìndé gbá tẹ̀ lé e, ó fi ẹsẹ̀ kọ pákó, orúnkún rẹ̀ sì bó. Ọ̀bọ náà kò fi ọwọ́ kan ọmọ kankan. Àwa la gbé oúnjẹ síwájú ẹni tí ebi ń pa, tí a sì ń pè é lólè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rá gan-an ni wọ́n dá mọ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni oúnjẹ àlejò máa ń wà. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo oúnjẹ sínú báàgì onísíìpù, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi jáde, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ọ̀bọ ní nǹkan, bí ó ti wù kí ó ṣe ojú àánú tó.

Lẹ́ẹ̀kejì, kété lẹ́yìn ìrun àárọ̀ la gbéra, ọjọ́ tí kì í ṣe ìsinmi sì ni. A fi afárá orí igi sílẹ̀, a gba ọ̀nà pákó tí wọ́n tẹ́ sórí irà. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé eré kan la fẹ́ ṣe: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló pàdánù. Kò pẹ́ rárá tí awọ́nríwọ́n kan fi gba ẹ̀gbẹ́ pákó wa kọjá, ahọ́n rẹ̀ ń yọ, ó ń wọlé, ìrù rẹ̀ sì ń fa ilà sójú ẹrẹ̀ bí ẹni ń fi ìka kọ̀wé. Ọmọ mẹ́rìnlá ló dúró wò ó, kò sí ẹni tí ó mí. Ibẹ̀ náà la ti rí ọ̀kín tí ó na ìyẹ́, a rí ahun, a sì rí ọ̀bọ púpọ̀ tí kò bìkítà fún wa nítorí pé a kò gbé nǹkan kan lọ́wọ́.

Ní ti olùkọ́ tí òòyì ń kọ́, kí ó fi ọkàn balẹ̀. Afárá orí igi yàtọ̀ sí ọ̀nà ilẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ gùn ún kò ní gùn ún. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, ó sì ga tó mítà 22 níbi tí ó ga jù, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí ènìyàn bá ti dé àárín rẹ̀, pípadà sẹ́yìn a máa nira nítorí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn, nítorí náà kí ó má ṣe jẹ́ kí ojú àwọn ọmọ tì í débi tí yóò fi gbìyànjú. Ní ti aṣọ, ṣòkòtò gígùn àti bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló dára, nítorí ẹ̀fọn wà níbẹ̀ bí ó ti wà níbi gbogbo tí omi bá dúró sí. Sílípáàsì kò dára rárá, pákó a máa yọ̀ bí òjò bá rọ̀.

Ọmọ Apẹja:

Mo kí yín, Olùkọ́. Ìbéèrè ọ̀gá yín ló fà mí wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ìbéèrè tí èmi náà ì bá bi yín nìyẹn. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, inú ọkọ̀ bàbá mi ni mo dàgbà sí, mo sì gbà pé wọ́n rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ìdajì kejì ni mo fẹ́ bá wọn jiyàn lé lórí.

Òótọ́ ni pé omi wa tó ẹ̀kọ́ kọ́. Ọ̀sà Lékkí tí ó wà ní ìlà-oòrùn wa gbòòrò tó kìlómítà onígun mẹ́rin 247, síbẹ̀ ibi tí ó jìn jù nínú rẹ̀ kò ju mítà 6 àti díẹ̀ lọ. Odò Ọ̀ṣun tí àwọn ọmọ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìtàn Òṣogbo, inú ọ̀sà yìí ló ń ṣàn wọ̀, òun pẹ̀lú àwọn odò mìíràn tí ń ti àríwá bọ̀, ìdí sì nìyí tí omi ọ̀sà Lékkí kì í fi í níyọ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù ọdún. Ọ̀sà Èkó tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn odò bá rẹ̀, omi òkun a máa wọ inú rẹ̀, a sì máa níyọ̀. Nígbà òjò, omi odò a tún lé iyọ̀ náà padà. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ẹja a máa pààrọ̀ ibùgbé láti ìgbà dé ìgbà. Àwọn ọmọ mọ orúkọ ẹja, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ìdí tí eléyìí fi ń lọ tí tọ̀hún fi ń bọ̀, ẹ ó rí i pé wọn yóò wojú ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹja kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹja gígùn kan wà nínú ọ̀sà wa tí ara rẹ̀ dà bíi ti ejò, tí lẹ́bẹ́ rẹ̀ na gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ já, tí ìrù rẹ̀ sì tín-ín-rín bí ìrù eku. Gymnarchus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ojú rẹ̀ kéré, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran, ṣùgbọ́n iná mànàmáná díẹ̀ ń jáde lára rẹ̀ tí ó fi ń mọ ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀ nínú omi rúdurùdu, ó sì lè wẹ̀ sẹ́yìn bí ó ti ń wẹ̀ síwájú. Bí òjò bá dé tí omi bá bo koríko àbàtà, ẹja yìí a fi koríko hun ìtẹ́ tí yóò léfòó sójú omi, a sì yé ẹyin rẹ̀ síbẹ̀. Kì í yé e sí àárín ọ̀sà. Inú koríko tí à ń pè ní igbó lásán yẹn ni, inú rẹ̀ kan náà sì ni a ń da pàǹtí sí, tí a ń kó iyanrìn dí. Ẹja tí wọ́n ń ná ní ọjà Olúwo ní òwúrọ̀, inú koríko ni wọ́n ti bí òmíràn nínú wọn.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá yín nìyí. Ẹ bi ọmọ Ẹ̀pẹ́ kan léèrè ibi tí ó ti rí ẹtu rí. Yóò ní orí àtẹ ni, tí wọ́n ti yan án. Ọ̀nì ńkọ́? Lọ́jà, tí wọ́n fi okùn di ẹnu rẹ̀. Òkété? Nínú ọbẹ̀. Àbàtà ẹ̀yìnkùlé wa kún fún omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun abẹ̀mí kan nínú rẹ̀ tí kò ní ọdẹ tàbí apẹja tí ń lé e, kò sì sí ẹranko kan níbẹ̀ tí yóò gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn tí kò ní sá. Awọ́nríwọ́n tí Ìyá Ìbejì sọ pé ó rọra kọjá lójú ọmọ mẹ́rìnlá, tí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ilé wa ni, òkò ni yóò kọ́kọ́ bá a. Ohun tí owó ọkọ̀ yín fẹ́ rà nìyẹn: kí ọmọ rí ẹranko kan nígbà tí ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ sì tún sọ fún ọ̀gá yín pé kì í ṣe ilé onílé ni ẹ ń lọ. Olóyè Shafi Lawal Edu, ẹni tí ó dá àjọ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ ní ọdún 1980, àjọ tí ó ni ọgbà Lékkí yẹn, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ìlú yìí ni wọ́n bí wọn sí ní ọdún 1911. Ọmọ etí omi wa ló ronú pé ó yẹ kí a fi ọgbà yí àbàtà ká kí ó lè kù fún ọmọ.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fo tiwa. Kí ẹ tó lọ, ẹ kó wọn lọ sí etí omi níhìn-ín ní ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìgò funfun kan. Gbogbo wọn ló mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé ojú oró níí lékè omi, òṣíbàtà níí lékè odò. Ẹ ní kí wọ́n fi ìka hàn yín èwo ni ojú oró, èwo sì ni òṣíbàtà. Mo fẹ́ mọ iye tí yóò gbà á. Ojú oró ni èyí tí ewé rẹ̀ tò yípo bí ẹ̀fọ́ kékeré, tí irun múlọ́múlọ́ wà lójú rẹ̀, tí gbòǹgbò rẹ̀ rọ̀ sínú omi láìkan ilẹ̀. Òṣíbàtà ni èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, tí ó ní igi gígùn tí ó so ó mọ́ ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Èyí tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí ó ń di ọ̀nà ọkọ̀ wa lọ́dọọdún, kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Àlejò ni, water hyacinth ni wọ́n ń pè é lédè Òyìnbó. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Nàìjíríà, ọ̀nà omi Àgbádárìgì ló sì gbà wọlé. Ẹ fi ọ̀bẹ la igi ewé rẹ̀ tí ó wú, ẹ ó rí i pé ihò afẹ́fẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ló kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í rì.

Àgbà Onísáyẹ́ǹsì:

Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu Ọmọ Apẹja, ẹnu rẹ̀ kò ní gbẹ. Èmi fi ọdún púpọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan tí Olùkọ́ sọ ṣe, kí ó tó di ohun tí àwọn ọmọ yóò kọ sínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ pé igbó tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Hẹ́kítà 78 ni ọgbà náà, ọdún 1990 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé ilé ń jẹ àbàtà Lékkí lọ. Lónìí, òpópónà márosẹ̀ Lékkí sí Ẹ̀pẹ́ wà níwájú rẹ̀, ilé iṣẹ́ epo Chevron wà lódìkejì ọ̀nà, àwọn ẹ́sítéètì sì wà ní àyíká rẹ̀. Àjẹkù ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ, ohun tí wọn yóò rí yóò túbọ̀ yé wọn, nítorí pé bí wọ́n bá dúró lórí afárá gíga yẹn, wọn yóò rí igbó lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn yóò sì rí òrùlé ilé níwájú wọn, lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi kì í kórìíra afárá náà tó Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìkẹyìn ló yẹ kí ó jẹ́, kì í ṣe àkọ́kọ́.

Ní ti ìgbà tí ó dára, bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè lọ, ẹ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì. Ìdí méjì ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Èkínní ni pé láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹta ni àwọn ẹyẹ tí ń sá fún òtútù Yúróòpù máa ń wà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀kan wà tí àwọn ọmọ yóò tètè dá mọ̀: ẹyẹ kékeré aláwọ̀ eérú tí inú rẹ̀ funfun, tí ó máa ń rìn létí omi, tí ìdí rẹ̀ kì í sì í sinmi, tí ó ń gbé e sókè sódò bí ẹni tí ń gbọ́ ìlù tí àwa kò gbọ́. Ẹ lè rí i ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ pàápàá. Ẹyẹ kékeré báyìí ni, ó sì la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Èkejì ni pé ọjọ́ 2 oṣù kejì ni àyájọ́ ilẹ̀ olómi ní gbogbo àgbáyé, nítorí ọjọ́ náà ní ọdún 1971 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn lórí ilẹ̀ olómi ní ìlú Ramsar ní Iran. Àyè 11 ni Nàìjíríà ní nínú ìwé àdéhùn náà, lára wọn ni adágún Ògútà ní ìpínlẹ̀ Ímò àti ilẹ̀ olómi Nguru ní òkè Ọya. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé mélòó nínú rẹ̀ ló wà ní Èkó. Kò sí ọ̀kan.

Òótọ́ ni pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn omi a máa fà, ẹrẹ̀ a sì hàn. Èmi kò ka èyí sí àdánù, nítorí pé ìgbà náà ni gbòǹgbò máa ń hàn. Ẹ wo ìdí igi ògùrọ̀ dáadáa. Ẹrẹ̀ àbàtà kò ní afẹ́fẹ́ nínú, gbòǹgbò tí ó bá sì wà nínú rẹ̀ nílò láti mí, nítorí náà àwọn kan nínú gbòǹgbò ògùrọ̀ a máa yí padà, wọn a yọ ṣóńṣó sókè kúrò nínú ẹrẹ̀ láti mú afẹ́fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ yóò rò pé èèhù ni. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wo àwọ̀ omi náà. Ó dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì, àwọn àlejò a sì máa sọ pé ó dọ̀tí. Ewé tí ó rẹ sínú rẹ̀ ló pa á láró, bí àgbo ṣe ń pọ́n bí a bá rẹ egbò sínú ìgò. Ìgò funfun tí Ọmọ Apẹja sọ yẹn wúlò níbí: bí wọ́n bá bu omi àbàtà ògùrọ̀ tí ó wà nítòsí yín sínú rẹ̀, tí wọ́n gbé e sójú oòrùn, wọn yóò rí i pé ó mọ́ gaara bí ó tilẹ̀ pọ́n. Nínú ọgbà Lékkí, kí wọ́n má bu omi, kí wọ́n má já ewé, ojú nìkan ni kí wọ́n lò.

Ìdánwò kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe ní kíláàsì kí ẹ tó lọ. Ẹ wá kànìnkànìn gbígbẹ, èyí tí a fi ń wẹ̀, àti bíríkì sìmẹ́ǹtì kékeré kan, ẹ gbé kálukú sínú abọ́ tirẹ̀. Ẹ da ife omi kan lé bíríkì, ẹ da ife kan lé kànìnkànìn. Ti bíríkì yóò ṣàn wọ abọ́ lójú ẹsẹ̀. Ti kànìnkànìn yóò dúró nínú rẹ̀, yóò sì máa kán tó, tó, tó. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá béèrè pé bí òjò oṣù kẹfà bá rọ̀ sórí àbàtà tí a ti fi iyanrìn dí, tí a sì kọ́ ilé lé, níbo ni omi náà yóò gbà? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rí èsì rẹ̀ ní yàrá ìyá wọn.

Olùkọ́ Ẹ̀pẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ẹ̀yin bàbá wa Onísáyẹ́ǹsì. Mo ti pa ọ̀rọ̀ “tí ẹnikẹ́ni kò fi ọwọ́ kàn” rẹ́ nínú ìwé ètò mi. Mo kó àwọn ọmọ lọ sí etí omi ní ọ̀sán àná, mo sì bi wọ́n ní ti ojú oró àti òṣíbàtà. Nínú ọmọ 28, mẹ́ta ló gbà á, ọmọ apẹja sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn yòókù na ìka sí àlejò Àgbádárìgì. Ọmọbìnrin kan la igi ewé rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ nínú omi, ó rí afẹ́fẹ́ tí ń hó jáde, ó sì bi mí pé ṣé ẹja lè mí afẹ́fẹ́ yẹn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ béèrè.

Mo ka èsì Ọmọ Apẹja sí etí ọ̀gá wa. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo dé ibi ẹtu orí àtẹ, wọ́n wá ní, “Ó dáa. Àwọn tí òbí wọn kò bá lè san án ńkọ́?” A ṣì ń wá ojútùú sí ìyẹn, òbí kan ti ní òun yóò san ti ọmọ méjì. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí ó súnmọ́ ọjọ́ 2 oṣù kejì la fẹ́ mú. Ohun tí ó kù ni ọ̀nà. Aago mélòó ni kí a kúrò ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ wo ló sì gba ọmọ 28 àti àgbà mẹ́rin?

Awakọ̀ Ọ̀nà Lékkí:

Olùkọ́, ẹ kú ètò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lo Mọ́ńdè. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òwúrọ̀ Mọ́ńdè láti Sàngótẹ̀dó dé Àjá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ojú ọmọdé rí. Túsìdè tàbí Wẹ́sìdè ló dára. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 50, bí ẹ bá sì kúrò ní Ẹ̀pẹ́ ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ó ti kọjá Awóyáyà kí àwọn òṣìṣẹ́ tó kún ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì Coaster kan lè gbà yín bí ìjókòó rẹ̀ bá tó 32 yàtọ̀ sí ti awakọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó fúnra yín kí ẹ tó san owó, ẹ ka ìjókòó, ẹ wo táyà, kí ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ pe ọgbà náà ṣáájú kí ẹ lè mọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti aago tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ wọ inú ọgbà kí ọmọ kankan tó sọ̀ kalẹ̀, nítorí títì márosẹ̀ kò mọ ọmọdé. Kí ẹ sì ti wà lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀ kí aago méjì tó lù.

Nǹkan kan ṣì kù. Mo gbé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan rí, wọ́n ka ọmọ nígbà tí wọ́n ń wọ ọkọ̀, wọn kò kà wọ́n nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo bá ọmọ kan tí ó sùn lọ fọnfọn sí ìjókòó ẹ̀yìn, lẹ́yìn wákàtí kan, nígbà tí mo fẹ́ gbálẹ̀ ọkọ̀. Ó la ojú, ó bi mí bóyá a ti dé. Ẹ kà wọ́n nílé, ẹ kà wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ẹ kà wọ́n nígbà tí ẹ bá kúrò lórí pákó, kí ẹ sì tún kà wọ́n kí awakọ̀ yín tó ṣíná sí ọkọ̀.